Ìdí Igi Irú ní Ayégún

Nígbà tí imú ẹnubodè sọ pé òkú wà nínú ọkọ̀ wọn, irú ni Mama Àwẹ̀ró kọ́kọ́ rántí.

Ọjọ́ kejì rèé tí wọ́n ti wà lórí ìlà. Láti ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn ni àwọn ọkọ̀ ti tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, tí wọ́n ń sún fúnra wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí àwọn ènìyàn inú wọn ń sùn, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n sì ń parí ìjà kí ìlà tó tún sún. Ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni ìbò máa ń yí kan ìdílé láti wọ Igbó Ìkẹyìn. Bí orúkọ wọn kò bá jáde, wọ́n á tún dúró di ọdún mẹ́sàn-án mìíràn. Bó bá sì jáde, wákàtí kan péré ni wọn yóò lò nínú rẹ̀. Ta ni yóò wá jókòó sórí irú ìlà bẹ́ẹ̀ láìgbé oúnjẹ dání? Àwẹ̀ró se ìrẹsì, ó se ẹ̀wà, ó sì da irú sínú ọbẹ̀ ata bí ẹni tó fẹ́ fi lé ọ̀tá lọ. Ní ọjọ́ kejì, òórùn náà ti mọ́ gbogbo ará inú ọkọ̀ lára. Imú ẹnubodè, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gbogbo ọkọ̀ tó bá dé, nìkan ni kò tíì mọ́ lára.

"Òkú," ni ohùn kan wí láti ara òpó irin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ohùn obìnrin ni, ó tutù bí omi inú àmù. "Ẹran ara tó ti ń jẹrà wà nínú ọkọ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀ kalẹ̀."

Ọlábọ̀dé, ọmọkùnrin Àwẹ̀ró, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí irun rẹ̀ ti funfun ju ti ìyá rẹ̀ lọ, yí ọrùn padà láti iwájú, ó sì wò ó. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ nílé kí wọ́n tó jáde. Ìbíyẹmí, ọmọbìnrin Ọlábọ̀dé, ti ki ojú bọ ikùn Ìretíọlá, ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Ọjọ́ tí mo bá kú gan-an, ẹ bu irú yìí sí mi lára. Ẹ ò ní ṣe wàhálà àlejò kankan, nítorí kò sẹ́ni tí yóò sún mọ́ ibẹ̀."

Ẹ̀ṣọ́ kan jáde wá, ọ̀dọ́bìnrin nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, orúkọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀: Fadérera. Ó ní kí wọ́n ṣí kúlà oúnjẹ. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì wà lórí ìtẹ̀ náà pẹ́ ju bí iṣẹ́ ṣe béèrè lọ. Ó ní irú wooro ni, kì í ṣe pẹ̀tẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ òórùn yìí mọ́ láti ìgbà tí ìyá ìyá òun ti kú. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó irin, ó ní oúnjẹ ni. Òpó dáhùn pé òun kò mọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

"O ti mọ̀ ọ́n wàyí," ni Fadérera wí fún un. "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kù kí ó fọwọ́ yẹ ara kálukú wò, nítorí imú tó bá ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ènìyàn ni yóò parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó yẹ Ọlábọ̀dé wò, ó yẹ Ìbíyẹmí àti ọmọ wò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, ó kan kókó kékeré tó wà létí ìró arúgbó náà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Mama, kí lẹ dì sétí aṣọ?"

"Obì ni."

"Eyín mélòó ló kù lẹ́nu Mama tí ń jẹ obì?"

"Mẹ́ta ni," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì ya ẹnu kí ó lè rí wọn. "Wọ́n máa ń pín in jẹ."

Fadérera rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò lórí kókó náà. Ó wo ojú Àwẹ̀ró, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn Ìbíyẹmí, ó sì wá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹyin.

"Ẹ rọra rìn o, Mama," ni ó wí. "Bí ènìyàn bá ṣubú lórí afárá tó ń gbé èrò kọjá nínú igbó, afárá á dúró, gbogbo ojú igbó tó ń ṣọ́ni láti orí òpó á sì kọ sí ẹni náà. Ẹni tó bá sì ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ṣubú, kò tún ní wọlé síbí mọ́ láyé. Òfin ni, kí n má purọ́ fún yín."

Àwẹ̀ró ní irú òun kì í ṣubú. Òótọ́ ni, bí a bá yọ ti oṣù tó kọjá kúrò, nígbà tó jókòó gbì sínú abọ́ ìwẹ̀ Ìretíọlá, tí abọ́ náà sì gbá a nídìí mú tí kò fẹ́ sílẹ̀, tó fi di pé ó ń gbé abọ́ kiri yàrá bí ìjàpá. Ìretíọlá nìkan ló rí i, ẹni náà kò sì tíì lè jẹ́rìí.

Ohun tó wà létí ìró rẹ̀ kì í ṣe obì. Ìwọ́ Ìretíọlá ni.

Òun ló wẹ ọmọ náà láti ọjọ́ tó dáyé. Òun ló ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìdodo rẹ̀, òun náà ló sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ keje tí ìwọ́ já, ó dúdú, ó gbẹ, kò ju èso ata gbígbẹ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìjọba ló yẹ kí wọ́n dá a padà sí nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fún wọn, nítorí pé gbogbo ohun tó bá já lára ènìyàn ti di ti ìjọba. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró gbójú sókè ní ọjọ́ náà, ó wo yàrá tí wọ́n wà, ní àjà kọkànlélọ́gbọ̀n, níbi tí ewébẹ̀ pàápàá ti ń hù nínú omi. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni ọmọ yìí yóò wá pè ní tirẹ̀? Nígbà èwe rẹ̀, bí ẹnìkan bá ń ta kò ọ́ pé o kì í ṣe ará ibì kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń parí ìjà náà: níbo ni wọ́n ri ìwọ́ rẹ sí? Ẹni tó bá lè nàka síbẹ̀, ó ti jàre. Ti Àwẹ̀ró wà ní ìdí igi irú lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ní abúlé Ayégún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìjọba kó gbogbo ilé méjìlá tó wà níbẹ̀ kúrò kí Igbó Ìkẹyìn lè bò ó. Láti ìgbà náà, kò tíì padà. Ìgbà mẹ́ta ló ti dá ìbò, ìgbà mẹ́ta ni orúkọ wọn kò jáde.

Ó ti di ìwọ́ náà sínú òwú, ó sì sọ fún Ìbíyẹmí pé omi ti gbé e wọ ihò lọ.

Ó ti ro gbogbo ohun tí yóò ṣe. Abẹ́ afárá ni ilẹ̀ wà, àlàfo sì wà láàárín pákó àti pákó. Bí ojú igbó kò bá rí i, èèrà á ti ṣe iṣẹ́ wọn kí oòrùn tó wọ̀. Bí wọ́n bá sì rí i, ogún ọdún ni wọn yóò fi lé ẹni tó jẹ̀bi jìnnà sí igbó. Àwẹ̀ró ti rẹ́rìn-ín sí èyí nílé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, kí ló fẹ́ fi ogún ọdún ṣe?

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí èrò ti ń gun afárá, tí ara tẹ̀ mọ́ ara tó fi jẹ́ pé ènìyàn kò lè gbé ọwọ́ yún imú, ohùn tútù náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin sí wọn létí. Kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ jáde nínú igbó. Kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ wọ inú ilẹ̀ igbó. Ó tún sọ pé a ti tún ìkẹta ṣe lọ́dún yìí.

"Bí a bá rí ohun tó já lára ènìyàn nínú ilẹ̀," ni ohùn náà wí, "ẹni tó ni ara náà kò ní tẹ igbó, oko tàbí etídò kankan fún ogún ọdún."

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ, kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn Ìbíyẹmí. Ẹni tó ni ara náà. Kì í ṣe ẹni tó jù ú sílẹ̀. Ìretíọlá ni. Òun tó ń wá ilẹ̀ fún ọmọ, òun ni yóò wá ti ilẹ̀ mọ́ ọn. Yóò rìn, yóò kàwé, yóò mọ ọkùnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan nǹkan kan bí kò ṣe símẹ́ńtì.

Ó di kókó náà mú nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó lè gbé e padà sílé. Kí ni yóò fi ṣe é nílé? Kí ó máa gbé e pamọ́ sínú àpótí títí tí òun náà yóò fi kú, tí wọn yóò sì kó àpótí sọnù? Àbí kí ó ṣe é, kí ó gbọ́kàn lé e pé ojú kò ní í rí òun? Ìgbà náà ló wá rí ohun tó ti wà níwájú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ tí kò rí, pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Ọmọ ọlọ́mọ ni òun ń fi ta ayò. Ó rántí gbogbo ìmọ̀ràn tó ti ń fún àwọn ènìyàn láti ọdún yìí wá láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn nínú pé arúgbó yìí, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù, ọwọ́ rẹ náà tún wá ń gùn.

Ó fa Ìbíyẹmí mọ́ra nínú èrò, ó fi ẹnu sí i létí, ó sì jẹ́wọ́. Ó sọ ti òwú, ó sọ ti irọ́, ó sọ ti igi irú. Kò ṣàwáwí.

Ìbíyẹmí kò wò ó.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn oníṣègùn ìjọba ránṣẹ́ pè mí nítorí rẹ̀, Mama. Wọ́n bi mí bóyá ṣe ni mo tà á. Mo sunkún níwájú wọn."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé ọmọ dè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Àwẹ̀ró tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú òwú náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo bí i," ni ó wí. "N kò ní sọ pé ṣe é, n kò sì ní sọ pé má ṣe é. Bí o bá ní kí n gbé e mì, n ó gbé e mì."

Afárá gbé wọn lọ. Kò sí ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn, bí ẹni tí odò rọra ń gbé. Lọ́tùn-ún àti lósì ni igbó wà, igbó gidi, tó ń rùn bí ara ẹni tó jí láàárọ̀. Ìgalà kan gbójú sókè láti inú koríko, ó ń jẹnu lọ. Ọ̀bọ fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Lórí òpó gígùn ni àwọn ojú igbó dúró sí, wọ́n ń yí orí kiri bí alángbá lórí ògiri. Ohun tó ya Àwẹ̀ró lẹ́nu ni pé nínú gbogbo èrò tó fi ọjọ́ méjì jókòó sórí ìlà kí wọ́n lè rí ẹranko, kò sí ẹni tó ń wo ẹranko. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ obìnrin kan wà nínú àyà bùbá rẹ̀, kò yọ ọ́. Ọkùnrin kan tó ní àpá iná létí di nǹkan mú nínú àpò sòkòtò. Gbogbo ènìyàn dákẹ́ bí ẹni tó ń ka nǹkan sínú. Àwẹ̀ró rò pé ooru ló mú wọn.

Bí afárá ti yípo òkúta ńlá kan, ó rí igi náà.

Kì bá tí mọ̀ ọ́n. Igi irú pọ̀ nínú igbó, wọ́n sì jọra wọn. Ọlọ ló fi mọ̀ ọ́n. Ọlọ ìyá rẹ̀ wà ní ìdí igi náà níbi tí wọ́n fi í sí lọ́jọ́ tí wọn kò rí àyè gbé e sọ́kọ̀, gbòǹgbò ti gbé ìdajì rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì tẹ́jú, ó ṣì jìn láàárín níbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀.

Ó ti rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ náà. Gbogbo ojú á kọ sí ẹni náà. Ó rántí ìparí rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá bi í títí di òní pé ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, yóò ní orúnkún òun ni kí ẹ lọ bi, òun ló mọ̀. Ohun tó dájú ni pé Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí pákó, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀, bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí ìyá ẹni láàárọ̀.

"Ìyá mi, ẹ kú ilé," ni ó wí. "Èmi Àwẹ̀ró ni. Mo dé."

Afárá dúró. Gbogbo ojú igbó yí orí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kọ sí i.

"Ènìyàn kan ti ṣubú," ni ohùn tútù wí.

Ẹni tó ṣe ohùn náà kì í ṣe ará ibí, nítorí náà kò mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà lẹ́yìn Àwẹ̀ró gan-an. Ó rí arúgbó orí funfun lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, òun sì wà lórí ìdúró lé e lórí bí òpó. Ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò ronú rárá, ó dọ̀bálẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn kò tilẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń kí, ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà bá wà nílẹ̀, ta ni yóò dúró? Ọlábọ̀dé, nínú aṣọ tó ti ń gbọn eruku rẹ̀ dànù láti àná, nà gbọọrọ sórí pákó.

"Ènìyàn mẹ́ta ti ṣubú," ni ohùn náà wí. "Ènìyàn mọ́kàndínlógún. Ènìyàn mẹ́rìnlélógójì."

Àwọn ojú igbó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ yí bọ̀, wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò wò. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni Àwẹ̀ró, tó ṣì dojú kọ ilẹ̀, gbọ́ ìró kan. Ó kéré, ó sì pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kọ́kọ́ ń kán sórí ewé gbígbẹ, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, méjì, mẹ́ta. Ó fi ojú kan wo àlàfo pákó. Òwú kékeré kan já bọ́ láti ibi tí obìnrin ọlọ́wọ́-láyà náà kúnlẹ̀ sí. Òmíràn bọ́ láti ọwọ́ ọkùnrin alápá-iná. Nísàlẹ̀, láàárín ewé, àwọn òwú mìíràn wà tí wọ́n ti rà, tí wọ́n ti di àwọ̀ ilẹ̀.

Ìgbà náà ló yé e ìdí tí ìlà fi gùn tó bẹ́ẹ̀.

Kò bojú wẹ̀yìn wo Ìbíyẹmí. Ó ti sọ pé òun kò ní sọ pé ṣe é tàbí má ṣe é, ojú pàápàá sì máa ń sọ̀rọ̀.

Ní ẹnubodè ìjáde, òpó irin mìíràn dá a dúró. Fadérera wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Òpó náà bi Àwẹ̀ró bóyá ó ṣubú ni tàbí ó kúnlẹ̀. Ó là á fún un: bó bá jẹ́ pé ó kúnlẹ̀, a jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dá afárá dúró, wọn yóò dá gbogbo ìdílé rẹ̀ dúró, wọn yóò sì wo ohun tí ojú igbó rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ó ṣubú, òfin àwọn arúgbó ni.

Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì dùn ún sọ. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń dúró láti kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Orúnkún rẹ̀ le, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wá bá a jó. Ó ronú kan ìbò tó ń bọ̀, nígbà tí yóò jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ó ronú kan ojú ọlọ náà.

"Mo ṣubú," ni ó wí. "Arúgbó ni mí. Orúnkún mi ti gbó."

"A ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni òpó wí. "Ẹ kò ní wọlé mọ́."

Fadérera di apá rẹ̀ mú dé ẹnu ọkọ̀, bí a ti ń di ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti gbó mú. Ó kàn béèrè, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, bóyá irú tó kù nínú kúlà yẹn ṣeé fún ènìyàn. Àwẹ̀ró kó gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú ìdérí.

Ọkọ̀ yí orí padà fúnra rẹ̀, ó kọjú sí ìlú. Ọlábọ̀dé ń gbọn eruku lára. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ kí Ìbíyẹmí tó sọ Ìretíọlá kalẹ̀ lẹ́yìn, tó gbé e lé itan. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti fi nu itọ́ ẹnu ọmọ. Kò sí nǹkan níbẹ̀, àfi fọ́nrán òwú kan ṣoṣo tí òógùn ti lẹ̀ mọ́ ọn.

"Mama," ni ó wí, "kí lẹ ní orúkọ ibẹ̀ yẹn ń jẹ́?"

"Ayégún ni."

"Ẹ tún un pè. Ẹ rọra pè é."

Àwẹ̀ró tún un pè. Ìbíyẹmí fi ẹnu sétí ọmọ rẹ̀, ó ń pè é tẹ̀lé e. Àwẹ̀ró, ẹni tó ti fi ọjọ́ méjì ṣẹ̀fẹ̀ tí ẹ̀fẹ̀ kò tán lẹ́nu rẹ̀, kọjú sí fèrèsé, ó sì ń wo ẹ̀yìn ìlà ọkọ̀ tí kò lópin, tí wọ́n ń bọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí ọwọ́ àwọn ènìyàn inú wọn sì wà létí aṣọ.